Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Ìríran Ẹni Wa Kù Sí, àti Ohun Tí A Ó Ṣe sí I

Èdè Yorùbá ní ojú a máa "fọ́", gẹ́gẹ́ bí ìkòkò ṣe ń fọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́nà. Ìkòkò tó fọ́ kò gba omi mọ́. Bí ó bá ṣì ń gba omi, a jẹ́ pé kò tíì fọ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí ìyá kan fi lè máa ta ata lọ́jà, tí yóò máa ṣẹ́ owó fún oníbàárà, tí yóò sì máa dá ohùn gbogbo ará ọjà mọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ohun tó ṣe ojú ìyá àwọn, títí di ọjọ́ tí ìyá yóò fi ẹsẹ̀ kan tẹ inú gọ́tà. Ojú kì í sábà fọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀ ni ó máa ń rọ̀: ibì kan á ti ṣókùnkùn nígbà tí ibòmíràn ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní afọ́jú pàápàá ni wọ́n ṣì ń rí nǹkan kan, ìbáà ṣe ìmọ́lẹ̀, ìbáà ṣe òjìji ẹni tó ń kọjá.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí ó ń gbé pẹ̀lú bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìríran náà kù sí, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń fura sí irú àrùn tó wà nídìí ọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń mọ ìrànlọ́wọ́ tó yẹ onítọ̀hún. Ẹ wá ìwé kékeré kan àti bírò. Ẹ ó máa lò wọ́n títí dé òpin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ọ

Ẹ má tíì béèrè ohunkóhun. Àgbàlagbà kì í fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun kò ríran dáadáa mọ́, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá sọ ọ́ ni àwọn ọmọ yóò gba owó ọjà lọ́wọ́ òun, tí wọn yóò sì ní kí òun má dá jáde mọ́. Ojú lọba ara, kò sì sí ọba tí ń fi ẹnu ara rẹ̀ kéde pé wọ́n ti rọ òun lóyè. Nítorí náà, ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ó bá ti lé ní ọmọ ogójì ọdún, tí ó sì ń na Bíbélì tàbí Kùránì jìnnà sí ojú kí ó tó lè kà á, ojú àgbà lásán lè ni; jígí ìkàwé yóò ràn án lọ́wọ́. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń dà á láàmú ju ìrọ̀lẹ́ lọ, tí iná ọkọ̀ sì ń fọ́nká lójú rẹ̀ lálẹ́, tí ó ń sọ pé ńṣe ni ó dà bí ẹni pé kùrukùru bo gbogbo nǹkan, ẹ fura sí cataract, àrùn tí ń sọ gíláàsì inú ẹyinjú di funfun. Ẹni tí ó ń fi èjìká gbá férémù ìlẹ̀kùn, tí ó ń kọlu ènìyàn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí ó sì tún ń fi okùn bọ ihò abẹ́rẹ́ láìsí wàhálà, òun ni ẹ gbọ́dọ̀ tètè gbé, nítorí pé bí glaucoma, àrùn tí ń pa iṣan ojú díẹ̀díẹ̀, ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ ń kú lọ, àárín ṣì ń dán. Òdìkejì rẹ̀ ni ẹni tí kò dá ojú ènìyàn mọ̀ títí onítọ̀hún yóò fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń rìn káàkiri ilé láìkọsẹ̀. Àárín ojú ni àléébù tirẹ̀ wà. Ní ti ọmọdé, ẹ kíyè sí èyí tí kì í fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dán ojú kọ̀ọ̀kan wò lójú mọmọ

Ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ máa dán wò lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ojú tó dára a máa bo àṣírí èyí tí kò dára. Mo ti rí ẹni tí ojú òsì rẹ̀ ti kú pátápátá tí kò sì mọ̀, àfi ìgbà tí èérún igi kó sí ọ̀tún tí ó sì fi ọwọ́ bò ó.

Ẹ fi í jókòó sí ìta gbangba nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, kí ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì láìtẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń lo jígí, kí ó wọ̀ ọ́. Ẹ wá rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́jọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tó tó nǹkan bíi mítà 6, kí ẹ na ìka sókè, kí ẹ sì ní kí ó ka iye rẹ̀. Ẹ yí iye ìka padà nígbà márùn-ún, kí ẹ kọ iye ìgbà tó gbà á. Bí kò bá rí i, ẹ súnmọ́ ọn dé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tí í ṣe mítà 3. Bí kò bá tún rí i, ẹ dé ìṣísẹ̀ kan. Bí kò bá lè ka ìka níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú ojú rẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá ó mọ̀ pé nǹkan ń mì. Èyí tó kẹ́yìn ni iná tọ́ọ̀ṣì nínú yàrá tó ṣókùnkùn: ṣé ó mọ ìgbà tí ẹ tan án, ṣé ó sì mọ apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá? Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bákan náà fún ojú kejì.

Ìdánwò kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ó sì wúlò púpọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ dá ihò tóótó kan sí ara páálí, kí ẹni náà gba inú ihò yìí wo ohun tí kò rí dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá rí i dáadáa sí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ jígí ni ojú náà nílò, nítorí pé ihò kékeré a máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan náà tí jígí ì bá kó o jọ sí. Bí kò bá yàtọ̀, a jẹ́ pé ọ̀ràn náà kọjá ti oníjígí.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹ jókòó kojú ara yín, kí àlàfo tó wà láàárín yín tó gígùn apá kan. Bí ó bá bo ojú òsì rẹ̀, kí ẹ̀yin náà bo ojú ọ̀tún yín, kí ó sì tẹjú mọ́ ojú yín tó ṣí sílẹ̀ láìyẹ̀. Ẹ na apá sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa mi ìka, kí ẹ sì máa mú un bọ̀ wá sí àárín díẹ̀díẹ̀, kí ó wí nígbà tó bá rí i. Ojú tiyín ni òṣùwọ̀n: bí ẹ bá ti rí ìka náà tipẹ́ kí òun tó rí i, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ti ń lọ. Ẹ ṣe é láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún àti láti òsì. Kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sí orí ojú ewé náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà tí dókítà yóò kọ

Ní ọdún 1862 ni Herman Snellen, dókítà ojú ní ìlú Utrecht ní Netherlands, gbé pátákó lẹ́tà jáde, èyí tí lẹ́tà ńlá wà lókè rẹ̀ tí wọ́n sì ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Nọ́ńbà méjì tí wọ́n ń kọ láti ara rẹ̀ kì í ṣe ìṣirò ìdá. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ibi tí aláìsàn dúró sí, èkejì ni ibi tí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá lè dúró sí kí ó ṣì rí lẹ́tà kan náà. Ẹni tí wọ́n bá kọ 6/60 fún ní láti wá sí mítà 6 kí ó tó rí ohun tí ẹlòmíràn ń rí láti mítà 60.

Ojú tó sàn jù nínú méjèèjì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń díwọ̀n ènìyàn. Bí ó bá burú ju 6/12 lọ, àìríran ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀; bí ó bá burú ju 6/18 lọ, ó ti dé ìwọ̀n àárín; bí ó bá burú ju 6/60 lọ, ó ti le; bí ó bá wá burú ju 3/60 lọ, àfọ́jú ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, ẹni tí kò lè ka ìka láti ìṣísẹ̀ mẹ́rin nínú ìdánwò yín ti wọ ibẹ̀ tàbí kí ó wà ní bèbè rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ojú náà wà nínú òfin ìdíwọ̀n yìí. Ẹni tí ìríran rẹ̀ ti há mọ́ àárín tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi kọjá ìwọ̀n digírì 10 láti ojú ibi tó tẹjú mọ́, afọ́jú ni lójú àjọ náà, kódà bí ó bá ń ka lẹ́tà tó kéré jù lórí pátákó. Ẹ ká ìwé bíi páìpù, ẹ gba inú rẹ̀ wo yàrá yín, kí ẹ wá gbìyànjú láti dé ibi ìlẹ̀kùn. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ àrùn tó ṣeé mú kúrò yàtọ̀ sí èyí tí a kàn lè dá dúró

Láti ọdún 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé ọmọ ogójì ọdún sókè wò káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 4.2 ni kò ríran. Cataract ló fa 43 nínú ọgọ́rùn-ún àìríran náà, glaucoma fa 16.7, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 84 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ èyí tí a ì bá ti dènà tàbí tí a lè wò sàn. Ẹ tún ìyẹn kà.

Cataract kì í ṣe awọ tó hù bo ojú láti ìta, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Nínú ẹyinjú ni gíláàsì kékeré kan wà lẹ́yìn ọmọlójú, òun ni ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, gíláàsì yìí a di funfun bí omi ògì. Kò sí ẹ̀kán oògùn tí ó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọn a sì fi ti àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Dókítà Harold Ridley ló kọ́kọ́ ṣe irú ìrọ́pò bẹ́ẹ̀ ní London ní ọdún 1949, lẹ́yìn tí ó ti ṣàkíyèsí pé àfọ́kù fèrèsé bàálù ogun tó kó sínú ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú kò mú kí ojú náà wú. Nínú gbogbo ohun tí ń ba ojú àgbà jẹ́, èyí ni ó ń dùn mí jù láti rí lójú ẹni tó ti jókòó sílé fún ọdún márùn-ún, nítorí pé kò yẹ kí ó jókòó bẹ́ẹ̀.

Glaucoma yàtọ̀. Omi kan wà nínú ẹyinjú tí ń wọlé tí ń jáde nígbà gbogbo. Bí ojú ibi tó ń gbà jáde bá ń dí, omi náà a máa ti inú ojú, a sì máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ títí tí iṣan náà yóò fi máa kú. Kì í dunni lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í pọ́n ojú. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń jẹ wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò wò, ìgbà tí aláìsàn yóò bá sì mọ̀, ó ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ó ti jẹ lọ kò ní padà, yálà pẹ̀lú oògùn, yálà pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ. Èyí tó ṣẹ́kù ni a lè dáàbò bò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lóye ibí yìí, ni wọ́n ṣe ń lo ẹ̀kán oògùn fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n á rí i pé ojú kò mọ́lẹ̀ sí i, tí wọ́n á sì jù ú nù pé kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ojú má burú sí i, gẹ́gẹ́ bí ọgbà ṣe ń dí ewúrẹ́ lọ́wọ́ láì mú ẹ̀gẹ́ tó ti jẹ padà. Àwa ènìyàn dúdú ni ó ń mú jù, ó sì ń tọ ẹ̀jẹ̀ lọ: bí bàbá bá ní i, ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún ọmọ, ó sì pọ̀ sí i fún ọmọ ìyá bàbá.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà ojú wo ẹ̀yìn ẹyinjú òun lọ́dọọdún, nítorí pé ṣúgà a máa ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ibẹ̀ jẹ́ kí ó tó di pé ojú ṣú rárá. Ní àwọn abúlé tó wà létí odò tí omi rẹ̀ ń sáré, eṣinṣin dúdú kékeré a máa fi kòkòrò nárun sí ara ènìyàn. Kòkòrò yìí a máa hún ara, a sì máa dé ojú nígbẹ̀yìn. Oògùn ivermectin ni wọ́n ń fi pa ọmọ kòkòrò náà, láti ọdún 1987 sì ni ilé iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí láti máa fún àwọn tó nílò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àwọn alámòójútó ìlera bá gbé igi tí wọ́n fi ń wọn gíga ènìyàn kí wọ́n tó pín oògùn yìí wá sí abúlé yín, ẹ jáde sí wọn. Trachoma, àrùn ojú tí ọwọ́ ìdọ̀tí àti eṣinṣin ń gbé kiri láti ojú ọmọ kan sí òmíràn, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Togo àti Benin gẹ́gẹ́ bí ìṣòro ìlera gbogbo ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ti Togo ní 2022 àti ti Benin ní 2023.

Ti ọmọdé kò gba sùúrù. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ọmọ kò ríran, fítámì A lè dín lára rẹ̀: ẹ fún un ní ẹ̀fọ́, máńgòrò àti epo pupa, kí ẹ sì mọ̀ pé epo tí a yọ́ títí tó fi funfun ti pàdánù ohun tí à ń wá nínú rẹ̀. Ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọmọlójú ọmọ bá ń tàn funfun bí ojú ológbò nínú fọ́tò tàbí nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ kan náà. Cataract tí a bí mọ́ ọn lè ni, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú tí ń pa ọmọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kó ohun tí kò yẹ kúrò lójú rẹ̀

Ìtọ̀, omi ọmú, omi ṣúgà, omi iyọ̀ àti omi ewé: gbogbo wọn ni mo ti gbọ́ pé wọ́n kán sójú. Ojú tó ti gbọgbẹ́ kò lè gba kòkòrò inú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kán oògùn tí a kàn rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, pàápàá èyí tí sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀. Ó máa ń mú kí pupa ojú lọ ní kíákíá, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ́, òun fúnra rẹ̀ a máa fa glaucoma àti cataract.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tàbí irin mímú ti gíláàsì tó ti funfun ṣubú sínú ẹyinjú. Aláìsàn a ríran lójú ẹsẹ̀, wọn a gba owó, wọn a sì ti lọ kí ojú náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lókè, irú èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti "ṣe" nítorí cataract. Púpọ̀ nínú wọn kò ríran mọ́.

Àwọn ọ̀ràn mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Bí ojú bá ṣókùnkùn lójijì, bí ẹni náà bá ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ yẹ̀rì bíi mànàmáná tí nǹkan bí aṣọ títa sì ń bọ̀ lójú rẹ̀, bí ojú bá pọ́n tí ó sì ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bí ásíìdì bátìrì, ẹfun ìkùnlé tàbí ọṣẹ olóró bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ, kí ẹ sì béèrè

Ẹni tó ń ta jígí, ẹni tó ń yẹ ojú wò tí ó ń kọ ìwọ̀n jígí, àti dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ihò orí páálí kò bá ran ojú náà lọ́wọ́, dókítà ojú ni kí ẹ wá, irú èyí tó wà ní UCH ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Ifẹ̀, tàbí ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ mú ìwé yín dání, ẹ mú gbogbo ìgò oògùn tí ó ti kán sójú dání, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn. Kí aláìsàn má dá lọ, nítorí pé wọ́n lè kán oògùn tí yóò mú ọmọlójú fẹ̀ sí i, ojú á sì ṣú fún wákàtí mélòó kan.

Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin, kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀: kí ni orúkọ àrùn náà, ìwọ̀n ìríran ojú kọ̀ọ̀kan, ṣé ohun tó ti lọ lè padà tàbí èyí tó kù ni à ń ṣọ́, àti ọjọ́ tí a ó padà wá. Bí ó bá jẹ́ glaucoma ni, ẹ béèrè iye tí ìtì inú ojú jẹ́, ìyẹn bí omi inú ẹyinjú ṣe ń ti inú ojú tó. Láti 10 sí 21 ni ó sábà máa ń wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà tí tiwọn kò kọjá ibẹ̀ tí iṣan ojú wọn sì ń kú bákan náà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ tún ilé ṣe gẹ́gẹ́ bí ìríran tó kù

Fún ẹni tó ṣì ń rí díẹ̀, àwọ̀ ni oògùn. Ẹ bu àmàlà sínú àwo funfun, kí ẹ bu iyán sínú àwo tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Iyán nínú àwo funfun kò sí nínú àwo lójú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun tàbí yẹ́lò kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan àti etí gọ́tà tó wà níwájú ilé. Ẹ gbé iná sí ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, kì í ṣe sí ọ̀kánkán ojú rẹ̀.

Fún ẹni tí kò rí nǹkan kan mọ́, ipò nǹkan ni ó ṣe pàtàkì. Kí ìlẹ̀kùn ṣí tán tàbí kí ó tì tán. Ìlẹ̀kùn tó ṣí dé ìdajì ni ó ń fọ́ni níwájú orí. Kí ọmọ má gbé àga kúrò láyè rẹ̀ láìsọ. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ fún un, ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀: "Ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ẹran wà ní apá ọ̀dọ̀ yín, omi wà lókè àwo." Ẹ má ṣe gé òkèlè fún àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ le.

Ohun kan tún wà tí ó ń dẹ́rù ba ilé púpọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń lọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọdé kéékèèké tó wọ aṣọ mèremère lórí àga, tàbí òdòdó lára ògiri, láìsí ohùn kankan, orí rẹ̀ sì pé pérépéré. Ní ọdún 1760 ni Charles Bonnet ti kọ nípa bàbá rẹ̀ àgbà tí irú rẹ̀ ṣe. Ọpọlọ tí kò rí iṣẹ́ gbà láti ọ̀dọ̀ ojú mọ́ ni ó ń dá àwòrán tirẹ̀ yà. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ìkìlọ̀ ikú. Ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ sì fi ọkàn ìyá balẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti fi ebi pa á nítorí ààwẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ kọ́ bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, àti bí a ṣe ń mú un rìn

Ẹni tí kò ríran kò mọ̀ pé ẹ ti dọ̀bálẹ̀ tàbí pé ẹ ti kúnlẹ̀. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́: "Mo kúnlẹ̀ o, ìyá, èmi Bísí ni." Ẹ má dúró síwájú rẹ̀ kí ẹ máa bi í pé, "Ẹ mọ̀ mí?" Eré yìí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n ń fi ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ wí. Ó ń tini lójú láti bá àga òfìfo sọ̀rọ̀. Ẹ bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ tó mú un wá. Ní ti ọ̀rọ̀ "afọ́jú", orúkọ lásán ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" ti di èébú ẹnu awakọ̀, mo fẹ́ràn kí a máa sọ pé "ẹni tí kò ríran".

Ẹ má fà á lọ́wọ́, ẹ má sì tì í láti ẹ̀yìn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, kí ó di apá yín mú lókè ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ìṣísẹ̀. Ara yín ni yóò fi mọ ìgbà tí ilẹ̀ gòkè tàbí tí ó sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá dé àtẹ̀gùn tàbí gọ́tà, ẹ dúró, ẹ sọ èyí tó jẹ́, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Bí ọ̀nà bá há, ẹ gbé apá yẹn sẹ́yìn yín kí ó lè bọ́ sí ẹ̀yìn yín. Bí ẹ bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ márúwá tàbí dáńfó, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ kan òkè ẹnu ọ̀nà kí orí rẹ̀ má baà gbá a, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wọlé fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Owó, ọ̀pá, fóònù àti ilé ẹ̀kọ́

Náírà bébà láti 100 dé 1000 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ara wọn lọ́wọ́. Ẹ jọ fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa ká wọn: kí 1000 wà ní nínà, kí a ṣẹ́ 500 sí méjì ní ìbú, kí a ká 200 ní gígùn, kí a ṣẹ́ 100 sí mẹ́rin. Kí ẹni tó ń fún un ní ṣéńjì sọ iye owó kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń fi í lé e lọ́wọ́.

Ọ̀pá funfun kì í ṣe ọ̀pá àgbà tí a ń fara tì. Kí ó ga dé egungun àyà. Richard Hoover ló ṣètò bí a ṣe ń lò ó fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ojú wọn fọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì: bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń lọ síwájú, ẹnu ọ̀pá á fọwọ́ kan ilẹ̀ ní apá òsì, bí ti òsì bá ń lọ, á bọ́ sí ọ̀tún, kí ọ̀pá lè máa yẹ ibi tí ẹsẹ̀ tó kàn yóò tẹ̀.

Lórí fóònù Android, ẹ lọ sí ètò fóònù, sí Accessibility, kí ẹ tan TalkBack. Lórí iPhone, VoiceOver ni. Fóònù á máa ka ohun tí ìka bá kàn, fífọwọ́kàn lẹ́ẹ̀mejì á sì ṣí i. Bí ohùn tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, yóò máa ka Yorùbá bí òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa yín, ṣùgbọ́n etí a máa mọ́ ọn. Fún kọ̀ǹpútà, NVDA, ètò tí ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta, wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ tí kò ríran gbọ́dọ̀ kọ́ bírélì, ìwé tí a ń fi ìka kà. Louis Braille, ọmọ Faransé tí irin mímú nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ gún lójú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 3, ló ṣe é ní 1824 nígbà tó di ọmọ ọdún 15: àmì mẹ́fà péré, tí ó lè di oríṣi 63. Ilé ẹ̀kọ́ Pacelli ní Sùúrùlérè ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti 1962, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí Federal Nigeria Society for the Blind ní ní Òṣòdì wà fún àgbàlagbà tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni àkànṣe sì wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ kan bá lé ènìyàn padà nítorí ojú rẹ̀, ẹ rán wọn létí òfin tí Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ ẹni tó ní àbùkù ara sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin yẹn kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣagbe.

Ẹ padà sí ìwé yín. Bí dókítà bá ti pè é ní glaucoma, ẹ ṣí ojú ewé tuntun, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ aláìsàn náà àti gbogbo ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá rẹ̀ tó wà láyé sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí oníkálukú yóò lọ yẹ ojú wò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tiyín.